Mi ò jalè, mi ò ṣàgbèrè: kí ni mo wá ń jẹ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, Bàbá. Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ta gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Mo wà nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Láìpẹ́ yìí, oníwàásù kan sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń dí àdúrà ọ̀pọ̀ Kristẹni lọ́nà, ó ní kí olúkúlùkù lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Mo délé, mo yẹ ara mi wò. Mi ò jalè, mi ò ṣàgbèrè, mi ò bá ẹnikẹ́ni lọ sílé babaláwo. Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn: kóńgò tí mo fi ń wọn ọjà, bí mo ṣe máa ń ní kí ọmọ sọ pé mi ò sí nílé, àti bí inú mi kì í ṣe é dùn tí ìyàwó àbúrò ọkọ mi bá ń jẹ́rìí ní ìjọ. Gbogbo ará ọjà ló ń ṣe irú nǹkan báyìí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn? Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣé kí n dìde níwájú ìjọ kí n jẹ́wọ́ ni? Ojoojúmọ́ ni mò ń tọrọ ìdáríjì, nǹkan kan náà ni mo sì ń padà ṣe.

ÌDÁHÙN

Màmá, mo dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ka sí bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ yín. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ò dá lẹ kọ́kọ́ kà: olè, àgbèrè, ilé babaláwo. Ẹ ò rí ara yín nínú ọ̀kankan. Ẹ wá fi èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn sẹ́yìn, ẹ sì pè é ní nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́. Bí ọ̀pọ̀ wa nínú ìjọ ṣe ń yẹ ara wa wò nìyẹn. Ìwé ẹ̀sùn ẹlòmíì la máa ń gbé lọ sí kóòtù, tí wọ́n bá kà á tán tí orúkọ wa ò sí níbẹ̀, a ó gbọn aṣọ wa nù, a ó máa lọ sílé.

Ìtàn agbègbè wa lọ́wọ́ sí i. Ní 1928, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí, ní Ìkejì-Arákeji, ni Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó wá di wòlíì ìjọ CAC, ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run, níbi tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Nígbà tó di 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òoyè ní Iléṣà, ó sì ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn èèyàn ń ru ońdè, ìgbàdí àti ère jáde nílé, wọ́n ń dáná sun wọ́n ní gbangba. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò mọ ohun tó ná wọn. Àmọ́ àwa ọmọ-ọmọ wọn ti fi ibẹ̀ kọ́ àṣà kan tí wọn ò fi kọ́ wa: a rò pé ohun tó ṣeé rù jáde ní ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí kò bá ti sí ońdè lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Èmi ò sì tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni gbé kóńgò lọ síbi iná.

Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde, nígbà náà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹlòmíì tó ń kà á lè má mọ̀. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí kòtò tó wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í lu tiwọn. Wọ́n á yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n gé páálí tẹ́ ẹ nínú. Ọwọ́ tún wà níbẹ̀: àtàǹpàkò tó wọnú kóńgò nígbà tí wọ́n ń bu ìrẹsì, gàrí tí wọ́n ń rọra dà kó lè wú, tí wọ́n á wá gbé òkè rẹ̀ ga ṣóńṣó kí ojú oníbàárà lè kún. Wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, wọ́n á ní "ẹ̀ní yín nìyẹn o," oníbàárà á sì dúpẹ́. Ẹ̀ní yẹn ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n yọ nísàlẹ̀ ni wọ́n bù díẹ̀ nínú rẹ̀ tọrẹ lókè.

Ẹni kan náà tó ń fi kóńgò yìí tà, òmíràn ló fi ń rà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, èyí tó jinú ló máa yọ jáde nínú àpò. Diutarónómì 25 ti rí èyí tipẹ́: a ò gbọdọ̀ ní òṣùwọ̀n méjì nínú ilé, ńlá àti kékeré. Ìwé Diutarónómì yìí náà ló ní ká dáná sun ère ní orí keje, ìríra ló sì ka méjèèjì sí níwájú Olúwa, ère àti òṣùwọ̀n èké. Torí náà, tí ẹ bá bi mí pé ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Olè ni. Ẹ ò tíì lè sọ pé ẹ ò jalè.

Mo mọ ohun tí ẹ máa fi dá mi lóhùn, torí àwọn ọlọ́jà ti sọ ọ́ fún mi ní Ìsìkàn àti ní Ọjà Ọba náà. Àpò tí wọ́n kó wá láti òkè ọya ò pé. Owó ọkọ̀ ti gbówó lórí. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì ń ta tirẹ̀ ní iye tí kò ṣeé gbà gbọ́, kóńgò rẹ̀ ló sì ń bá a gbé e. Tí ẹ bá wọn tiyín pé, owó yín á ga ju tirẹ̀ lọ, oníbàárà á gba iwájú yín kọjá. Ìṣòro gidi ni. Àlùfáà tí kò tajà rí ló lè sọ pé kò le. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún wà: kì í ṣe nínú pé ìwọ̀n kéré. Tí ẹ bá fi agolo wàrà ta gàrí, tí oníbàárà rí i pé agolo wàrà ni, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú pé ẹnu kóńgò ń sọ ohun kan, ìdí rẹ̀ ń sọ òmíràn. Ìyẹn ni pé ọ̀nà àbáyọ wà tí kò ní kí ẹ kógbá wọlé. Kóńgò tó pé, iye tó bá a mu, kí ẹ sì la ẹnu sọ fún oníbàárà pé èyí pé, kó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó wò ó. Tí agbára ìwọ̀n kílò bá wà, ìyẹn náà dáa. Àwọn kan máa lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí ẹni tó máa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn olóúnjẹ, tí wọ́n mọ iye àwo tó ń jáde nínú kóńgò ìrẹsì kan, kì í pẹ́ mọ ibi tí kóńgò ti pé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yin ọlọ́jà nìkan. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti Ìdànrè nípa òṣùwọ̀n àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì bi àwọn tó ń rà á nípa kòkó tútù tí àgbẹ̀ ki sí àárín àpò. Ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà tí kò sì sí kóńgò, ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí láàárọ̀ ló wà: ẹnìkan ti fọwọ́ sí i fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò tíì kúrò nílé. Ilé ìjọsìn tó sì ń lo iná tí kò gba inú mítà kọjá, èmi ò mọ irú orin ìyìn tí wọ́n ń kọ lábẹ́ gílóòbù yẹn.

Ọ̀rọ̀ "sọ fún wọn pé mi ò sí nílé" ò gba àlàyé púpọ̀. Irọ́ ni, ọmọdé lẹ sì bẹ̀ lọ́wẹ̀ pa á, ọmọ tí ẹ tún máa kọ́ ní òfin mẹ́wàá lọ́jọ́ Àìkú. "Màmá ní àwọn ò ráyè báyìí" kò gùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo bá wádìí irú irọ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, wọn kì í sábà sá fún àlejò lásán. Alájọ ni, tàbí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Amúnkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì irọ́ lójoojúmọ́, tí kò jókòó ti ọ̀rọ̀ gbèsè, òkè ló ń tún ṣe. Ẹ lọ bá olówó, ẹ sọ iye tí apá yín ká lóṣù, kí ẹ sì máa san án. Irọ́ yẹn ò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́.

Èyí tó gba mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín ni ti ìyàwó àbúrò ọkọ yín, torí gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi sọ ọ́, ẹ sì yára kúrò níbẹ̀.

Ìlara ni, Màmá. Mo mọ̀ pé ó wúwo lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ àgbèrè ju ti ìlara lọ fíìfíì, kì í sì í ṣe pé àgbèrè ló pọ̀ jù. Ìlara kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìjọ. Ẹ̀mí ìfòyemọ̀ ló ń pe ara rẹ̀. Ẹnìkan á jẹ́rìí pé ọmọ òun ti rí físà gbà, gbogbo ìjọ á ké halelúyà, ẹ̀yin náà á ké e. Ẹ ó délé, ẹ ó sọ fún baálé yín pé, "Níbo ni wọ́n ti rówó yẹn? Ọkàn mi ò kàn gbà á ni." Ní ìpàdé àdúrà tó tẹ̀ lé e, ẹ ó tẹ̀ sí ẹni tó jókòó tì yín: "Ẹ jẹ́ ká máa rántí ìdílé yẹn nínú àdúrà o, ohun tí mo gbọ́ ò dáa." Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Àdúrà lẹ ní kí wọ́n gbà. Kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ọ̀bà-Ilé. Tó bá wá di ìṣọ́ òru, tí wọ́n ní ká gbàdúrà nípa ọ̀tá ilé, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ, ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan ló wà lọ́kàn yín bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ tí ẹ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Jésù ní ká gbàdúrà fún àwọn ọ̀tá wa. Àwa ti sọ ọ́ di àdúrà sí wọn, a sì ń wá ẹni tó máa bá wa ṣe ọ̀tá kí àdúrà náà lè rí ibi bà.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin ti ṣe gbogbo èyí. Ọ̀nà tí ó ń gbà ni mo ń fi hàn yín, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ dé lójú ọ̀nà náà.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá nínú Lúùkù 15 ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, kò ná owó bàbá rẹ̀ fún aṣẹ́wó. Ó sìn ín láti ọdún pípẹ́, ó ní òun ò rú òfin rẹ̀ rí, bàbá náà ò sì já a nírọ́. Àmọ́ ìta ló dúró sí nígbà tí orin àti ijó ń lọ nínú ilé, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, "ọmọ rẹ yìí" ló pè é. Jésù parí òwe náà láìsọ bóyá ó wọlé.

Ohun tí mo máa ń ní kí èèyàn ṣe sí ìlara kò pọ̀, kò sì dùn ún ṣe. Gígún tó gún yín láyà bí ẹ ṣe gbọ́ ẹ̀rí yẹn kò tíì di ọ̀ràn. Ohun tí ẹ bá gbà kó sún yín ṣe lẹ máa jíhìn rẹ̀. Níbi tí ẹ jókòó sí gan-an, ẹ sọ fún Ọlọ́run, pẹ̀lú orúkọ: "Olúwa, mò ń jowú ìyàwó lágbájá, torí ọmọ tèmi ṣì wà nílé." Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ kí i. Ẹ má dúró kí inú yín kọ́kọ́ dùn. Tó bá ń ṣe ìdúpẹ́, ẹ tètè dé, ẹ bá wọn gé ẹran, ẹ bá wọn pín oúnjẹ. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àgàbàgebè nìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí inú ò dùn. Mi ò gbà. Alágàbàgebè ń ṣe é kí wọ́n lè yìn ín. Ẹ̀yin ń ṣe ohun tó tọ́ sí i, ẹ sì ń jẹ́ kí ọkàn tẹ̀ lé e bọ̀ nígbà tó bá lè bọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́.

Ó wá ku ohun tí ẹ sọ pé ojoojúmọ́ lẹ̀ ń tọrọ ìdáríjì. Mo gbà yín gbọ́. Irú àdúrà wo ni? Tó bá jẹ́ "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n ò mọ̀," àdúrà dáadáa ni, Dáfídì gba èyí tó jọ ọ́ nínú Orin Dáfídì 19: "Wẹ̀ mí mọ́ kúrò nínú ìṣìṣe ìkọ̀kọ̀." Èyí tí kò mọ̀ ló ń sọ níbẹ̀ o. Nígbà tó di ti Bátíṣébà àti Ùráyà, èyí tó mọ̀ dájú, Nátánì ló ní láti wá bá a nílé, kó pa ìtàn ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà kan fún un, kó sì sọ fún un pé òun gan-an ni ọkùnrin náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a mọ̀ kò ṣeé kó sábẹ́ "gbogbo". Léfítíkù 5:5 ní kí ẹni tó jẹ̀bi jẹ́wọ́ pé nínú ohun báyìí ni òun ti ṣẹ̀. Ẹ wo Ákánì nínú Jóṣúà 7. Nígbà tó máa jẹ́wọ́, ó ka ẹ̀wù Bábílónì kan, 200 ṣékélì fàdákà, àti dindi wúrà kan tó wọn 50 ṣékélì, ó sì sọ pé abẹ́ ilẹ̀ nínú àgọ́ òun ni wọ́n wà. Ó ti pẹ́ jù kó tó sọ ọ́, ọkùnrin bíi 36 ti kú ní Áì. Ṣùgbọ́n bí ìjẹ́wọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn: ó ní iye, ó ní ibi tó wà. "Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi" kò ní ibi kankan tó wà, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn lẹ́nu lálẹ́, tí kóńgò sì ń padà sọ́jà láàárọ̀.

Ọwọ́ náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ẹnu. Sákéù ò sunkún nínú Lúùkù 19, ó kéré tán Bíbélì ò sọ fún wa pé ó sunkún. Owó ló sọ: ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá ti rẹ́ jẹ. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ owó tán ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé náà lónìí. Léfítíkù 6 ti fi òdiwọ̀n sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà: dá a padà ní pípé, kí o sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Ohun tó jẹ́ 5,000 náírà á di 6,000. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, omijé la máa ń kà, a kì í ka náírà.

Ṣé kí ẹ wá dìde níwájú ìjọ? Rárá. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ bá dé ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ń dé. Èyí tó wà láàárín yín àti Ọlọ́run, kó parí síbẹ̀. Èyí tí ẹ ṣẹ ẹnìkan, Mátíù 5 ní kí ẹ fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni náà làjà. Èyí tó ba ìjọ lápapọ̀ jẹ́ ni ìjọ ní láti gbọ́. Kí ẹ má sì ro pé ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ìyàwó àbúrò ọkọ yín pé ẹ ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kò mọ̀, kò sì ṣẹ̀ yín. Ẹrù tiyín lẹ máa gbé lé e lórí, yóò sì máa wo ojú yín títí láé. Àyàfi tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa fún ẹlòmíì: ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún ni kí ẹ padà lọ bá, kí ẹ sọ fún un pé ohun tí ẹ sọ níjọ́sí, ẹ ò ní ẹ̀rí rẹ̀.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí kí wọ́n máa pe èèyàn jáde láti jẹ́wọ́ ní gbangba. Mo ti rí i tí obìnrin kan jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, tó fi orúkọ èèyàn mẹ́ta mìíràn kún un, tí àwọn alágbà sì ń ṣe "hẹn-ẹn, máa bá a lọ." Ìyẹn kúrò ní ìjẹ́wọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pẹ̀lú makirofóònù.

Síbẹ̀ ẹ nílò ẹnìkan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, Jákọ́bù 5:16 sì ní ká máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 1738, John Wesley, oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ ìlànà sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pàdé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lára ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi ara wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá pàdé ni pé: ẹ̀ṣẹ̀ wo lo mọ̀ pé o dá láti ìgbà tí a ti pàdé kẹ́yìn? Òmíràn wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù, torí irú tiyín gan-an ló ń wá: kí lo rò, kí lo sọ, kí lo ṣe, tí o ń ṣiyèméjì bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni tobìnrin, mo sì fara mọ́ wọn lórí ìyẹn. Ẹ wá obìnrin kan tó dàgbà jù yín lọ, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì rí tí ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì tí yóò ní kí ẹ mú àbẹ́là méje wá. Ìbéèrè méjì yẹn ti tó fún ìjókòó ọjọ́ kan, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dáwọ́ dúró síbi kan kí ẹ má baà gbọ́ mi sódì. Ẹlòmíì máa ka èyí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ohun gbogbo: ó gbàgbé láti kí alágbà, ẹ̀ṣẹ̀ ni, oorun gbé e lọ nígbà àdúrà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá ń bá èèyàn wí, ó máa ń tọ́ka sí ohun kan tó ṣeé ṣe nǹkan sí. Ìdálẹ́bi tí kò ní orí tí kò ní ìdí, tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, tí kì í jẹ́ kó jẹun, ẹ má gbà á bí ohùn Ọlọ́run. Róòmù 8:1 ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Tó bá ti di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí ẹni náà lọ rí dókítà, kí àlùfáà rẹ̀ náà sì mọ̀.

Oníwàásù yín ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ń dí àdúrà lọ́nà. Orin Dáfídì 66:18 ló dì mú, kò sì ṣì í dì mú. Àmọ́ ẹ má tún kóńgò ṣe nítorí kí físà ọmọ yín lè jáde. Òwò mìíràn nìyẹn, Ọlọ́run sì ni ẹ fẹ́ bá ṣe é. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù nípa ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, pé ẹ̀ṣẹ̀ ta ni, ó ní kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdádúró ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nídìí. Ẹ tún un ṣe torí pé oúnjẹ ẹlòmíì ló wà nínú ìdí kóńgò yẹn.

Ẹ ó bi mí pé báwo lẹ ṣe máa dá a padà, nígbà tó jẹ́ pé ọgọ́rọ̀ èèyàn tí ẹ ò mọ orúkọ wọn lẹ ti tà fún. Númérì 5 ti rò ó: tí kò bá sí ẹni tí wọn yóò san án fún, ti Olúwa ni, àlùfáà ni yóò gbà á. Ẹ jókòó, ẹ fojú bu iye tí kóńgò yẹn ń yọ nínú àpò kan, ẹ má ṣe é kó kéré. Àwọn oníbàárà tí ẹ mọ̀, ẹ fi kún tiwọn fún ìgbà díẹ̀, tòótọ́, láìpè é ní ẹ̀ní. Ti àwọn tí ẹ ò mọ̀, ẹ gbé e fún opó àti ọmọ òrukàn nípasẹ̀ ìjọ yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ yín níwájú pẹpẹ pé ẹ ṣe ìtọrẹ. Gbèsè lẹ san.

Ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, kó tó di pé ẹ sọ fún àlùfáà. Ọwọ́ yín ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, tó bá sì lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún un kedere: "Ohun tí mo kọ́ ọ nípa kóńgò yìí, kò dáa, a ò ṣe é mọ́." Yóò bi yín pé ṣé iye tí ẹ̀ ń tà á máa yí padà, àti kí ni kóun sọ fún àwọn oníbàárà tó bá bèèrè ìdí. Kí ẹ ti mọ ìdáhùn méjèèjì kí ẹ tó ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ Ajé.